Apá Ibi Tí Òkun Wà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó lápá ọ̀tún,
àpò oúnjẹ lórí itan, bàtà lábẹ́ àga,
bí a bá ti kúrò ní Bodø tí a dorí kọ gúúsù
lọ sílé Borghild, àbúrò ọkọ mi,
ní gbogbo oṣù keje, bí ẹni ń san gbèsè.

Eilert ló ń wakọ̀. Èmi kọ́.
Ó ní kọ́nà ọ̀nà etíkun pọ̀ ju irun orí òun lọ,
òótọ́ sì ni, láti ìgbà tó ti pé ogójì ọdún.

Ó kú lóṣù kejì, yìnyín ṣì bo ẹnu ọ̀nà.
Mọ́tò wà nínú gáréèjì, ó ń wò mí.
Èmi náà ń wò ó.
Ni mo bá tọ Synnøve lọ,
ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ọkọ̀ wíwà.
Mo ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí.
Ó ní, "Gudrid, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì."
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fìdí rẹmi.
Lẹ́ẹ̀kẹrin wọ́n fún mi ní káàdì,
fọ́tò inú rẹ̀ jọ ti ọ̀daràn.

Oòrùn kò wọ̀ láti àná,
ó kàn fẹ̀yìn ti omi díẹ̀, ó tún dìde.
Àgùntàn mẹ́ta sùn sáàárín títì bí ẹni tó ra ilẹ̀ ibẹ̀.
Mo fun fèrè. Wọ́n ń jẹ àpọ́jẹ.
Ihò inú àpáta gbé mi mì, ó pọ̀ mí síta,
ìmọ́lẹ̀ gbá mi lójú,
ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ wo òkun.
Ṣùgbọ́n kọ́nà ń bọ̀. Lẹ́yìn kọ́nà, afárá.
Lẹ́yìn afárá, bọ́ọ̀sì àwọn ará Jámánì
tó fẹ̀ bí ilé.
Òkun wà lápá ọ̀tún, mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀,
bí a ti ń mọ̀ lókùnkùn pé ẹnìkan wà nínú yàrá.
N kò rí i.

Eilert o.
Gbogbo ọdún tí mo ń nàka sójú fèrèsé:
"Wò ó, ẹyẹ idì!
Wo yìnyín orí òkè, ó ti sọ̀ dé etí omi!"
Ìwọ a ní, "Mo rí i."
Irọ́ ni. Báwo lo ṣe fẹ́ rí i?
Ìlà funfun lo rí. Àgùntàn lo rí.
Wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni;
ojú mi lo fi wo òkun láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra,
o kò sì jà mí níyàn rí.
Èmi ẹ̀wẹ̀, tí a bá ti kọjá Nesna,
oorun ni mo máa ń sùn.

Ní Jektvik, ọkọ̀ ojú omi la ẹnu, ó kó wa wọlé:
mọ́tò méjìdínlógún, kẹ̀kẹ́ méjì, ajá kan.
A pa ẹ́ńjìnnì.
Bí a bá dé ibí, ìwọ a jáde láìsọ̀rọ̀,
wàá lọ fọwọ́ lé irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀,
èmi á wà nínú mọ́tò, màá máa bú ẹ nínú:
kọfí ń tutù, ọkùnrin yìí dá mi dá búrẹ́dì.
Wákàtí kan péré.
Nínú gbogbo ọ̀nà yẹn, wákàtí kan péré ni òkun fi jẹ́ tìrẹ.

Mo jáde. Irin náà tutù.
Ọmọdékùnrin kan ń bi ìyá rẹ̀
níbo ni ìlà òtútù tí wọ́n ní a ó kọjá wà,
kí ló dé tí òun kò rí i.
Ìyá rẹ̀ ní, "A ti kọjá rẹ̀."
Mo fẹ́ sọ fẹ́nìkan pé wò ó.
Mo kàn ń wò ó.

Ilẹ̀kùn irin ti ń ṣí, oníkálukú ti wọ mọ́tò,
ẹni tó wà lẹ́yìn mi ń fun fèrè,
ó tún ń fun fèrè.
N kò tíì wò ó tán.